Òròmọdìẹ Láàárín Àgbébọ̀

Àgbébọ̀ tó fẹ́ ṣe òròmọdìẹ ní jàǹbá kì í sábà pariwo. Èyí tó ń kígbe, tó ń fẹ ìyẹ́ ọrùn, tó ju apá kan sílẹ̀ tó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Èyí tó léwu ni èyí tó dákẹ́, tó na ọrùn síwájú, tó tẹjú mọ́ ọmọ kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀, tó sì ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá kan ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn ló kọ́ mi ní ìyàtọ̀ yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ sọ.

Agbo adìẹ tí Màmá ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé kò tóbi. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ ló pọ̀ jù. Òpìpì kan wà nínú wọn tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pé, Noiler díẹ̀ náà sì wà, irú èyí tí wọ́n ń pa ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, àwọn kan á darúgbó, wọ́n á wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, Màmá á sì wá ọmọ tuntun fi rọ́pò wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láàárín adìẹ, ẹ̀yìn orí ọmọ tuntun gan-an ni àgbà ń kọ́kọ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra jù lẹ́nu àwa tí a ń sin adìẹ nílé ni "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á jà á tán." Àgbébọ̀ tó wọn kìlógíráàmù kan àti ọmọ tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ìjà wo ló wà níbẹ̀? Ohun tí wọ́n sábà ń bá láàárọ̀ ni òkú ọmọ ní kọ̀rọ̀ ilé adìẹ, tí awọ orí rẹ̀ ti ṣí. Ẹni tó ni í á wá sọ pé adìẹ ìkà ni òun ní. Bẹ́ẹ̀, ilé tí kò ní ibi tí ọmọ lè sá sí ló pa á.

Ohun tí àgbébọ̀ ń jà fún ni ipò. Ọmọ ilẹ̀ Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tó ti ń ṣọ́ adìẹ láti kékeré, ló kọ ọ́ sínú ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1921 pé nínú agbo, adìẹ kọ̀ọ̀kan ló mọ èyí tí òun lè sọ àti èyí tó lè sọ òun. Orí àti ogbe ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Àlejò tó bá wọlé kò ní ipò kankan níbẹ̀, nítorí náà gbogbo wọn ni yóò fẹ́ jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn ló wà lókè rẹ̀.

Màmá kò ka ìwé yẹn rí. Kí wọ́n tó mú ọmọ kankan wọlé, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo, wọ́n á fọ́n ọn ká, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa wo ẹni tó ń yà fún ẹni. Wọ́n á ṣe é lónìí, wọ́n á tún un ṣe lọ́la.

"Ṣé o rí dúdú yẹn?" wọ́n bi mí. "Òun lọ̀gá. Kò ní yọ ẹ́ lẹ́nu. Ó mọ̀ pé òun lọ̀gá. Aláwọ̀ ẹtù tó wà lẹ́yìn yẹn, tí gbogbo wọn ń sọ lórí, òun ni kó o máa ṣọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí òun náà máa fìyà jẹ."

Bí wọ́n ti wí náà ló rí. Láti ìgbà náà, ní gbogbo agbo tí mo bá dé, ìsàlẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ọmọ ní ìyá. Àgbébọ̀ tó bá fúnra rẹ̀ pa ọmọ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ wọn, ì báà jẹ́ ọ̀gá agbo, abẹ́ apá rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ti máa ń mọ gbogbo ará ilé díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, bí Màmá bá fẹ́ ra ọmọ ọjọ́ kan, ìyá ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá fún wọn. Ẹyin adìẹ ń lo ọjọ́ 21 kó tó pa. Wọ́n á fi ẹyin díẹ̀ sábẹ́ adìẹ tó bá ń sàba, wọ́n á máa ka ọjọ́. Bí ọ̀sẹ̀ kẹta bá ti ń parí lọ, tí ara adìẹ náà ti gbà pé ọmọ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á lọ ra ọmọ tí kò tíì ju ọjọ́ méjì lọ. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ kéré, torí òun pẹ̀lú ní láti kọ́ ohùn ìyá. Èyí tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan láìní ìyá lè máa sá fún adìẹ náà bó ṣe ń sá fún ajá, sísá yẹn ló sì ń mú kí adìẹ lé e.

Alẹ́ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí adìẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Tọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n mú, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn wọn kí iná rẹ̀ má bàa bọ́ sí adìẹ lójú. Wọ́n ki ọwọ́ òsì bọ abẹ́ àyà adìẹ náà, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n lò, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì fi í síbẹ̀ títí adìẹ fi dẹ́kun kíkùn. Ọwọ́ ọ̀tún wá wọlé láti ẹ̀yìn, ó yọ ẹyin kan, ó sì ti ọmọ kan sí àyè ẹyin náà, lábẹ́ ìyẹ́ níbi tí ooru pọ̀ sí. Ọmọ náà ké. Màmá kò mira. Adìẹ náà tú ìyẹ́, ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó sì dá ọmọ lóhùn pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́ kan tí kì í fi bá adìẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ ohùn yẹn ni wọ́n tó mú ọmọ kejì. Mo rí i pé wọn kò kánjú mú ọ̀kan lé èkejì, ìdáhùn adìẹ ni wọ́n ń dúró dè nígbà kọ̀ọ̀kan.

Lábẹ́ adìẹ ìbílẹ̀ kan, Màmá kì í fi ju mẹ́wàá lọ, torí ìyẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bo gbogbo wọn. Òpìpì ní tirẹ̀ kì í rí irú iṣẹ́ yìí gbà lọ́wọ́ wọn. Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti padà síbẹ̀, nítorí ìgbà tí ojú bá mọ́ ni adìẹ máa rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá sọ ọmọ kan, tó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo wọn ni wọ́n máa kó kúrò lójú ẹsẹ̀.

Bí kò bá sí adìẹ tó ń sàba, gílóòbù tàbí àtùpà ló máa ń ṣe iṣẹ́ ìyá. Ooru tí ọmọ ń fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní súnmọ́ 35°C, a sì máa ń dín in kù ní nǹkan bíi 3°C lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Màmá kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Bí àwọn ọmọ bá kó jọ sójú kan, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá fọ́n ká lọ sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n lanu, ooru ti pọ̀ jù. Títí dé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìyẹ́ wọn fi pé, ibòmíì ni wọ́n ń gbé. Ní àkókò yẹn ni wọ́n ń gba àjẹsára lúkúlúkú àti ti Gumboro, torí àgbébọ̀ lè gbé àrùn lára láìfi ara hàn, kí ó sì kó o ran ọmọ.

Lẹ́yìn náà ni nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ èyí, pé kí ọmọ àti àgbà máa rí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láìfara kanra. Ohun tí Màmá fi kún un ni pé wọ́n ń gbé oúnjẹ tọ̀tún tòsì sí ìdí nẹ́ẹ̀tì náà gan-an, ní ìdojúkọ ara wọn, kí àgbébọ̀ àti ọmọ jọ máa jẹun lójú kan náà. Àgbébọ̀ tó ń fò lu nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á dẹ́kun bó bá yá, torí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, bó bá sì ń jà, àwọn yòókù á jẹ ẹ́ tán.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àgò. Àgò tí àwọn ìyá wa fi ń dé òròmọdìẹ kí àṣá má bàa gbé wọn náà ni, ṣùgbọ́n Màmá kì í dé e balẹ̀. Orí àfọ́kù bùlọ́ọ̀kù mẹ́ta ni wọ́n ń gbé e lé ní àárín ọgbà. Wọ́n á fi ọwọ́ wọn ẹ̀yìn ọmọ, etí àgò á wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Ọmọ á tẹ orí ba, á wọlé. Àgbébọ̀ á fi àyà gbún un, á padà. Inú ibẹ̀ ni oúnjẹ àti omi àwọn ọmọ wà. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi kan pákó sí igun ọgbà, kí wọ́n sì gbẹ́ ihò sí i. Wọ́n ní pákó ní igun, ibi igun sì ni adìẹ ń pa ọmọ sí. Àgò kò ní igun. Ibi yòówù kí ọmọ ti máa sá bọ̀, ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé àgò náà ga sí i.

Ọjọ́ ìdàpọ̀, ọ̀sán ni, nígbà tí àwọn àgbébọ̀ ti jẹun yó. Wọ́n ti so ìdì tẹ̀tẹ̀ rọ̀ sí ibi mélòó kan, ní ìwọ̀n ibi tí adìẹ máa ní láti na ọrùn dé. Wọ́n ti fi pákó dí gbogbo kọ̀rọ̀. Oúnjẹ wà ní ibi méjì tó jìnnà síra, torí adìẹ kan kò lè ṣọ́ méjèèjì. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í mú ọ̀kan ṣoṣo wọlé láéláé. Wọ́n wá jókòó sórí àpótí, kò sì sí ohun tí wọ́n tún ṣe.

Àìṣe nǹkan yìí ni iṣẹ́ tó le jù. Ọwọ́ mi ń yún mi láti dá sí i. Àgbébọ̀ kan sọ ọmọ kan lórí, ọmọ náà sá, àgbébọ̀ padà sídìí ẹ̀fọ́. Màmá ní, "Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn." Òmíràn lé ọmọ ní ìṣísẹ̀ méjì, ó dúró. Màmá kò wí nǹkan kan. Aláwọ̀ ẹtù wá bọ̀, kò pariwo. Ó lé ọmọ kan kọjá oúnjẹ, kọjá ẹ̀fọ́, ó fẹnu di ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ mú, kò sì tú u sílẹ̀. Mi ò tíì dìde tí Màmá ti dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀ lẹ́yìn orí ọmọ náà. Wọ́n fi oògùn GV kùn ún lójú ẹsẹ̀, kí àwọ̀ àlùkò lè bo pupa, nítorí bí adìẹ yòókù bá rí pupa, gbogbo wọn ni yóò máa sọ ojú kan náà.

Wọn kò kó àwọn ọmọ kúrò. Aláwọ̀ ẹtù ni wọ́n gbé lọ síbi tí kò ti lè rí agbo, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi rẹ̀, fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe òdìkejì èyí: a ń kó ọmọ padà sínú àhámọ́, àgbébọ̀ á gbà pé òun ti lé wọn lọ, ìgbà tí a bá tún kó wọn dé á wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí wọ́n gé adìẹ náà lẹ́nu. Mi ò fara mọ́ ọn ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tó jẹ́ pé ẹnu yẹn ni adìẹ fi ń wá ikán àti kòkòrò jẹ, tí ẹni tó ń sìn ín sì ní àyè láti jókòó ṣọ́ ọ.

Oúnjẹ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin ní kálísíọ́mù tó tó 3.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan bíi 1 péré ni ọmọ ń fẹ́, èyí tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti dàpọ̀, oúnjẹ àwọn ọmọ ni gbogbo agbo máa jẹ títí àwọn ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Màmá á gún ìkarahun ìgbín, wọ́n á bù ú sínú abọ́ tí wọ́n so sókè ibi tí àgbébọ̀ nìkan ti lè dé e.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rin náà pé, alẹ́ ni wọ́n dá aláwọ̀ ẹtù padà sórí igi tí àwọn adìẹ ń wọ̀ sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun náà ti di àlejò. Ó lọ sídìí oúnjẹ, ọ̀kan nínú àwọn Noiler sọ ọ́ lórí, ó yà. Ó lọ sí ìkejì, ọmọ méjì wà níbẹ̀. Ó na ọrùn, ó sọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sún sẹ́yìn díẹ̀, aláwọ̀ ẹtù sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Màmá wò ó títí tó fi jẹ tán.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," wọ́n ní, wọ́n sì ní kí n bá wọn gbé bùlọ́ọ̀kù mẹ́ta tó ga díẹ̀ wá sídìí àgò, torí àwọn ọmọ ti ń fi ẹ̀yìn gbún etí rẹ̀.