Ṣé Òjò Ló Jẹ̀bi Lóòótọ́?

Ẹ̀yin akéwì ẹlẹgbẹ́ mi! Ìwé kan ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ lónìí, àmọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà máa kàn wá.

Zen and the Art of Motorcycle Maintenance ni wọ́n ń pe ìwé ọ̀hún. Robert Pirsig, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ilé ìtẹ̀wé 121 ló kọ̀ ọ́ kó tó jáde lọ́dún 1974. Ìrìn àjò tí òun àti Chris ọmọ rẹ̀ fi alùpùpù rìn lọ́dún 1968, láti Minneapolis dé San Francisco, ló dá lé lórí. John àti Sylvia Sutherland, tọkọtaya kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, gun alùpùpù tiwọn bá wọn dé Bozeman ní Montana. Nígbà mìíràn, inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn.

Torí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń yin ìwé yìí. Ní tèmi o, ibi tí òjò ti pa wọ́n ló mú mi jù. Òǹkọ̀wé rántí ìrìn àjò kan tí òun àti Chris ti dáwọ́ lé ṣáájú, tí wọ́n ń lọ sí Kánádà. Òjò rọ̀, omi wọ inú àgọ́, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń sùn rin gbingbin. Nígbà tó yá, alùpùpù kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Bàbá fẹsẹ̀ ta á títí, kò jí. Ó mì í, ó gbọ́ tí epo ń ró nínú táǹkì, ló bá gbà pé òjò ló bà á jẹ́. Bí ìrìn àjò ṣe dàrú nìyẹn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé kó tó mọ̀ pé epo ló tán! Èyí tó ń ró ni epo ìsàlẹ̀ táǹkì, tí àwọn ọlọ́kadà ń pè ní risáàfù. Kò ṣí i rárá.

Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìtìjú rẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣe àti ohun tí kò yẹ̀ wò, ó tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀sùn méjì ni mo fi kàn án. Nígbà tí ọwọ́ alùpùpù BMW tí John ń gùn ń yọ̀, òǹkọ̀wé ní kí àwọn gé agolo bíà fi há a, John kọ̀. Òǹkọ̀wé fi ìyẹn kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ gan-an, àmọ́ kò jẹ́ kí John ro tẹnu rẹ̀ tó. Èkejì ló dùn mí jù. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni Chris ń wò jákèjádò ọ̀nà. Bàbá ń bá àwa òǹkàwé sọ̀rọ̀ lójú ewé lójú ewé, ọmọ jókòó sẹ́yìn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìparí ìwé ni ọmọ tó nàró, tó rí iwájú. Wọ́n pa Chris ní San Francisco lọ́dún 1979. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ibi ìparí yẹn ti yàtọ̀ lójú mi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn wa tó jáde kẹ́yìn: ewì mẹ́fà lórí òjò! Òjò ìbùkún, òjò omijé, òjò ìfẹ́. Gbogbo ohun tó bá ti ṣú wa, òjò la máa ń dì í rù.

Èmi gan-an ni olórí wọn. Mo kọ ọ́ pé òjò ló dí mi lọ́nà tí n kò fi dé ibi ìsìnkú ìyá mi àgbà. Ẹ pàtẹ́wọ́. Irọ́ ni mo pa. Òjò rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò ń lọ. Èmi àti bàbá mi ló ń jà, n kò fẹ́ fojú kàn án.

Ewì tó yẹ kí n kọ nìyẹn, n kò tíì rí i kọ. Ẹ wá ìwé náà kà. Tẹ́ ẹ bá kọjá Bozeman tí oorun ń gbé yín, ẹ fò ó díẹ̀, mi ò ní fẹjọ́ yín sùn. Ní tèmi, kí òjò tó tún rọ̀ nínú ewì mi, màá kọ́kọ́ ṣí táǹkì wò.