Etí Bàlúù

Bí ẹnìkan bá gbọ́ pé mò ń ṣe bàlúù kékeré tí a ń fi rìmóòtù darí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé rìmóòtù wo ló dára jù. Èyí tí ojú rẹ̀ ń tàn yanran, tí bọ́tìnnì kún ara rẹ̀, ló ti wọ̀ ọ́ lójú. Kò ní dárúkọ rìsífà, ẹ̀rọ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó ń gbọ́ rìmóòtù, tí a ń fi pamọ́ sínú bàlúù. Ní tèmi, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí tó rìsífà, òun sì ni mo fi ń yan rìmóòtù. Rìmóòtù kan lè sìn wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n bàlúù kọ̀ọ̀kan ló ń fẹ́ rìsífà tirẹ̀. Ẹni tó bá ra rìmóòtù tí rìsífà rẹ̀ wọ́n tàbí tí kò sí lọ́jà, ó ti ra gbèsè.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tòní. Ní 1898, Nikola Tesla fi rédíò darí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan níwájú èrò ní New York. Nígbà tó di ti bàlúù, 72 MHz ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn oníbàlúù ní Amẹ́ríkà, 35 MHz ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kírísítà tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ ló ń sọ ojú ìgbì tí kálukú wà. Bí ẹni méjì bá tan rìmóòtù lórí ojú ìgbì kan náà, bàlúù tó wà lókè kò ní mọ ọ̀gá tí yóò gbọ́ tirẹ̀, yóò sì já lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé pátákó sí ẹ̀gbẹ́ pápá nígbà náà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ àfi tó bá ti mú nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀.

Ní nǹkan bí 2005, ilé iṣẹ́ Spektrum gbé rìmóòtù DX6 jáde lórí 2.4 GHz, kírísítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun àtijọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọ̀pọ̀ rìmóòtù òde òní ń fò láti ojú ìgbì kan sí òmíràn lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, rìsífà sì ń tẹ̀lé e. A ní láti kọ́kọ́ mú àwọn méjèèjì mọ ara wọn, èyí tí à ń pè ní báìndì. Láti ìgbà náà lọ, rìsífà yóò máa dá rìmóòtù rẹ̀ mọ̀ bí ọmọ ṣe ń dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀ láàárín ariwo ọjà Òkè-Ajé.

Àmọ́ èdè àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n kò dọ́gba. Rìsífà FlySky kò gbọ́ èdè Spektrum, ti Futaba kò gbọ́ ti FrSky. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, FlySky FS-i6 tó. Ó ní ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà. Mẹ́rin ni a nílò láti darí ìyẹ́, ìrù àti mọ́tò, ìyókù wà fún táyà tó ń ká sókè tàbí ohun mìíràn. Bí owó bá wà sí i, ẹ wo RadioMaster tó ń sọ èdè púpọ̀, tàbí èyí tó ń lo èdè ExpressLRS. ExpressLRS kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, oríṣiríṣi èèyàn ló ń ṣe rìsífà rẹ̀. Bí ọjà ẹnìkan bá wọ́n, a ó ra ti ẹlòmíràn.

Ní Ayépé wa níbí, ẹ tún fi ti igi kún un. Kòkó, obì àti ọ̀pẹ pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, omi inú ewé sì máa ń gba agbára 2.4 GHz, pàápàá lẹ́yìn òjò. Mi ò jẹ́ kí bàlúù lọ sẹ́yìn igi, rìsífà tó ní éríà méjì ni mo sì ń lò. Ojú éríà tó ń gba ìgbì kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Mo máa ń na ọ̀kan gbọọrọ, kí n sì dábùú èkejì, kí ọ̀kan lè máa gbọ́ bí bàlúù bá yí ẹ̀gbẹ́. Mo ń mú wọn jìnnà sí bátìrì àti kábọ́ọ̀nù, nítorí kábọ́ọ̀nù máa ń dí ìgbì. Rìsífà kékeré tí éríà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan wà fún bàlúù tí kò ní jìnnà síni. A kì í fi í sínú bàlúù ńlá.

Pápákọ̀ òfurufú Ìlíṣàn-Rẹ́mọ kò jìnnà sí wa, bẹ́ẹ̀ ni àjọ NCAA tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí kò ní awakọ̀ fò láìgbàṣẹ. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó náwó.

Bí ẹ bá wá ra rìmóòtù àti rìsífà, ẹ dín agbára rìmóòtù kù bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, ẹ rìn jìnnà tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí bàlúù, kí ẹ wò ó bóyá ìyẹ́ àti ìrù ṣì ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ iwájú bàlúù, ẹ tan mọ́tò, kí ẹ wá pa rìmóòtù. Mọ́tò gbọ́dọ̀ dúró. Bí ẹ bá ti ṣètò rìsífà bó ti yẹ, tí mọ́tò ṣì ń yí, ẹ dá rìsífà náà padà fún ẹni tó tà á, bó ti wù kí rìmóòtù rẹ̀ máa dán tó.