Ikú Tí A Tà, Ẹ̀rù Tí A Yá

Ní Agbogbloshie, lẹ́bàá odò Odaw ní ìlú Accra, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti ìhà àríwá Gánà, fi ń tú ẹ̀rọ àlòkù palẹ̀, tí wọ́n sì ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà, kí ìjọba tó kó àwọn oníṣòwò àjákù irin kúrò níbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2021. Ẹ̀rọ tí ó ti òkè òkun wá kì í wá lófìfo. Ní ọdún 2009 àwọn akọ̀ròyìn kan ra àpótí ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà àlòkù ní Gánà, wọ́n sì bá ìwé àṣírí àwọn ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Lórí irú nǹkan báyìí ni ìtàn sakawa gbé ìdí lé. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni, ó túmọ̀ sí fífi nǹkan sínú nǹkan. Wọ́n ní ọmọkùnrin tí ń fi kọ̀ǹpútà lu òyìnbó ní jìbìtì a máa lọ sí ọ̀dọ̀ olóògùn, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ré òkun kọjá, kí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ má lè kọ̀. Wọ́n sì ní ẹ̀mí ẹni tí ó fẹ́ràn jù ni yóò fi san owó iṣẹ́. Àwọn ará Nàìjíríà mọ ìtàn náà, Yahoo Plus ni wọ́n ń pè é.

Bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́, ìyẹn lè dúró ná. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ìtàn wò gẹ́gẹ́ bí ìtàn ní láti bèèrè òfin tí oògùn inú rẹ̀ ń tẹ̀lé: kí ni ó kúrò lára ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, ta ni ó ní àṣẹ láti gbé e, ṣé ó sì ṣe é gbà padà? Bí òfin kò bá sí, ìbẹ̀rù kò sí, nítorí ẹni tí kò mọ òfin ayò kò lè mọ ìgbà tí wọ́n jẹ ọmọ ayò rẹ̀.

Kò sí ibi tí òfin yìí gbé ṣe kedere tó inú The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a tẹ̀ ní London ní ọdún 1952, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní ọdún 1963. Nígbà tí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ inú igi funfun níbi tí Ìyá Olóòótọ́ ń gbé, wọ́n ta ikú wọn fún ẹnìkan ní ẹnu ọ̀nà ní £70, ṣílè 18 àti pẹ́nì 6. Wọ́n sì yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù wọn, pẹ̀lú èlé £3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde lọ, ẹni tí ó yá ẹ̀rù dá a padà fún wọn. Ẹni tí ó ra ikú kò dá a padà, ó ti rà á.

Ó rọrùn láti fi èyí rẹ́rìn-ín kí á sì kọjá. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọjà ni ó wà nídìí rẹ̀. Ohun tí a tà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí a yá ṣì ní olúwa rẹ̀. Ọdún 1920 ni a bí Tutuola, nígbà tí ìwọ̀fà kò tíì tán nílẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀fà tí ojú kò lè rí sì wà nínú ìwé kan náà. Ibi tí ọgbọ́n náà gbé jinlẹ̀ jù ni pé láti ìgbà náà lọ ọ̀mùtí kò lè kú mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ní ìlú àwọn ènìyàn pupa, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá abàmì méjì tí ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìlú, nítorí ó rántí pé òun ti ta ikú. Ẹ̀rù tí ó ti gbà padà sì bá a lọ. Òǹkọ̀wé mìíràn ìbá ti gbàgbé àdéhùn ẹnu ọ̀nà náà. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù láti bi Tutuola ni ohun tí ẹni tí ó ra ikú fẹ́ fi ikú ẹni méjì ṣe. Ìwé náà kò sọ.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé Dungeons & Dragons jáde, àwọn tí ń ṣe eré náà yí tábìlì ká a máa fa irú ọ̀rọ̀ yìí bí agbẹjọ́rò. Nínú ìwé òfin rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2014, èpè kan wà tí ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ lè gbé lé ẹlòmíràn lórí bí agbára ẹni àkọ́kọ́ bá tán pátápátá. Bí ti àkọ́kọ́ kò bá tíì ṣubú, kò gbọdọ̀ gbé e. Bí ọkàn ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ bá sì yà, èpè tú. Ẹni tí ó bá pe àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ọmọdé kò tíì jókòó ti ọpọ́n ayò rí.

Àwọn fíìmù ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Nínú Living in Bondage, fíìmù èdè Ìgbò tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní ọdún 1992, ẹgbẹ́ òkùnkùn béèrè Merit, ìyàwó Andy, lọ́wọ́ rẹ̀. Andy mú aṣẹ́wó kan wá dípò rẹ̀, ẹgbẹ́ sì kọ̀ ọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré yìí ni ó dára jù nínú fíìmù náà, nítorí níbẹ̀ ni òfin ti fara hàn: kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń rà, ìfẹ́ ni. Nínú ẹbọ nílẹ̀ Yorùbá, ẹran lè rọ́pò ènìyàn. Níhìn-ín kò sí ìrọ́pò. Merit kú, ó ń yọ sí Andy, Andy ya wèrè. Títí dé ibẹ̀ òfin dúró. Ṣùgbọ́n ní apá kejì ìjẹ́wọ́ àti àdúrà ìjọ tú u sílẹ̀. Wèrè lọ, Merit kò padà. Ọrùn ta ni gbèsè náà wá wà? Fíìmù náà kò bèèrè.

Púpọ̀ nínú àwọn fíìmù sakawa tí ó jáde ní Accra, tí Sakawa Boys ti Socrate Safo ní ọdún 2009 gbajúmọ̀ láàrin wọn, wà ní abẹ́ òjìji yìí. Lẹ́nu ọ̀nà igi funfun, olùtà àti olùrà dúró lójú ara wọn. Nínú ìtàn sakawa, ẹni tí a fi ẹ̀mí rẹ̀ san owó kò bá ẹnikẹ́ni ná ọjà. Òfin aláìpé yìí sì ti jáde kúrò nínú fíìmù bọ́ sí ìgboro. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ra ọkọ̀ ní Accra tàbí ní Ìbàdàn, tí ìyá rẹ̀ sì kú láàrin ọdún náà, àwọn aládùúgbò á ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, kò sí ẹ̀rí tí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì lu jìbìtì ní tòótọ́, oògùn ni gbogbo ènìyàn yóò máa sọ, ẹni tí ó pàdánù owó rẹ̀ lókè òkun kò ní sí lẹ́nu wọn.

Sakawa tí Ben Asamoah ṣe ní ọdún 2018 gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rọ àlòkù ti ọwọ́ òyìnbó dé Gánà, irọ́ tí a fi sùúrù kọ́ sì ti Gánà padà lọ bá òyìnbó. Ọ̀nà tí nǹkan gbà lọ àti èyí tí ó gbà bọ̀ hàn sí ojú. Tutuola ìbá ti kọ iye owó rẹ̀ sí i.