Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ìkòkò Ọṣẹ Dúdú

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù láyé yìí ni ọṣẹ dúdú sísè. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi ní ìlú Oǹdó ni mo ti kọ́ ọ, ọjà Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń tà á. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló kan tíṣà kan èéfín ìdáná. Mo máa ń sọ fún wọn pé gbogbo ohun tí mò ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó, ojúkorojú ni mò ń rí i nínú ìkòkò.

Ara kòkó ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe kékeré nídìí kòkó ní Nàìjíríà, hóró rẹ̀ ni àwọn òyìnbó sì ń wá. Èèpo ni tiwa. Bí wọ́n bá fọ́ kòkó tán lóko, tí wọ́n kó èèpo jọ síbẹ̀ kó máa jẹrà, àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi a máa fara pamọ́ sínú òkìtì yẹn de òjò ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, inú àgbẹ̀ a máa dùn bí a bá wá kó o. A ó sá a gbẹ, a ó dáná sun ún. Èédú kọ́ là ń wá o, eérú ni, kó jóná títí yóò fi funfun. Iná á gbé kábọ́ọ̀nù inú èèpo lọ bí èéfín, ohun tí gbòǹgbò kòkó ti fà láti inú ilẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù, potassium ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Eérú yìí la ó dà sínú ajere tí a ti tẹ́ koríko gbígbẹ sí nísàlẹ̀. A ó máa bu omi lé e díẹ̀díẹ̀, omi rúsúrúsú á sì máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Bí o bá fi ìka kàn án, á máa yọ̀. Ṣé ó ti lágbára tó? Ìyá ọkọ mi á kàn fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ ọ wò, á tutọ́ dànù, á ní, “Ó ti ta.” Èmi ò lè dán ìyẹn wò. Sobo tí mi ò fi ṣúgà sí ni mo fi ń dán tèmi wò: mo bu omi eérú díẹ̀ sínú ife sobo, àwọ̀ pupa yẹn sì yí padà lójú ẹsẹ̀ di àwọ̀ ewé tó dọ̀tí. Anthocyanin ni wọ́n ń pe ohun tó fún sobo láwọ̀. Ásíìdì ní í mú un pọ́n, omi eérú sì ní í yí i padà. Nígbà tí ìyá kọ́kọ́ rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. “Ìyàwó, ahọ́n tèmi kì í gba owó sobo.”

Àdín ló kàn. Ekuro tí a yan títí epo fi yọ́ jáde lára rẹ̀ la ti ń rí i. Ibí yìí ni mo ti máa ń sọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù fún àwọn ọmọ. Kábọ́ọ̀nù ní ọwọ́ mẹ́rin, ó sì fẹ́ràn láti di ara rẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tó fi lè di ẹ̀wọ̀n gígùn, kó di òrùka, kó di epo, ṣúgà, ẹran ara àti oògùn. Nígbà kan, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé ohun ẹlẹ́mìí nìkan ló lè ṣẹ̀dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tó di 1828 tí Friedrich Wöhler ti ilẹ̀ Jámánì ṣe urea, èyí tó wà nínú ìtọ̀, láti ara iyọ̀ tí kò lẹ́mìí. Ṣùgbọ́n ẹni tèmi ni Michel Chevreul, ará Faransé, tó gbé ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rá jáde ní 1823. Ọdún 102 ló lò láyé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọṣẹ ló gbé e dé ọ̀hún, ta ló mọ̀!

Ohun tí Chevreul rí ni pé gílísírìnì àti ásíìdì ọlọ́rá ló para pọ̀ di epo; gílísírìnì kan ló ń so ásíìdì mẹ́ta pọ̀. Omi eérú gbígbóná ló ń tú wọn ká. Potassium á gba ásíìdì kọ̀ọ̀kan mú, ìyẹn ni ọṣẹ; gílísírìnì á dá dúró. Iléeṣẹ́ ńlá a máa yọ gílísírìnì yìí, a sì tà á lọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìpara àti oògùn ikọ́. Inú ọṣẹ ni tiwa ń jókòó sí.

Kì í yá o. Epo á kọ́kọ́ léfòó, omi eérú á wà nísàlẹ̀, wọn ò ní fẹ́ rí ara wọn sójú. Ìwọ ṣáà máa rò ó. Bí mo bá kó igi sí i, ìyá á ní, “Ìyàwó, iná yẹn ti pọ̀ jù, ọṣẹ kì í sáré.” Lẹ́yìn náà ni ìfófòó wẹ́wẹ́ á di ńláńlá, á máa dún pòfù-pòfù, ojú ọ̀nà tí orógùn gbà kọjá á sì dúró, kò ní pa dé mọ́. Ó ti gbà nìyẹn. Mi ò tíì rí ohun tó dà bíi rẹ̀ nínú ilé àyẹ̀wò kankan.

Nǹkan bí ìdajì ásíìdì inú àdín ni lauric acid, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù 12. Ti epo pupa gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, 16 àti 18 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kúkúrú ló ń jẹ́ kí ọṣẹ àdín hó wàìwàì kíákíá. Àwọn ìyá wa ò ka kábọ́ọ̀nù kankan, ṣùgbọ́n àdín náà ni wọ́n yàn. Àwọn tó ń fi sódà olóró se ọṣẹ, tí wọ́n da àwọ̀ sí i, tí wọ́n ń pè é ní ọṣẹ dúdú, èmi ò ní kí wọ́n má tà á. Kí wọ́n ṣáà pè é lórúkọ rẹ̀. Sódà ń mú ọṣẹ le gbagidi, ti eérú a máa rọ̀.

Alárinà ni ọṣẹ. Orí rẹ̀ fẹ́ omi, ìrù rẹ̀ fẹ́ epo, ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí olóòrá fi ń bá omi lọ. Ọ̀rá náà ló bo kòrónà lára, òun la ṣe ń pariwo ọṣẹ ní 2020. Inú wa gan-an kò ṣàì ní irú alárinà bẹ́ẹ̀: òróòro, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti ara cholesterol, ló ń fọ́ epo ọbẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí lipase, tó ń wá láti ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn, tó wá tú u. Iṣẹ́ tó ń gba igi ìdáná àti ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́wọ́ mi, ikùn ń ṣe irú rẹ̀ láìdáná rárá. Nítorí iṣẹ́ òróòro yìí ni dókítà fi máa ń ní kí ẹni tí wọ́n ti yọ àpò òróòro rẹ̀ dín epo kù fúngbà díẹ̀.

Àwọn oníbàárà mi fẹ́ kí ọṣẹ wo gbogbo àrùn. Mo máa ń gún ewé àsúnwọ̀n òyìnbó mọ́ díẹ̀ fún làpálàpá, nítorí anthraquinone wà nínú ewé yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ lára awọ ara sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ẹni tó bá ní egbò tí kò jinná, ilé ìwòsàn ni mo ń júwe fún un, kódà bí owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n sì máa ń fi kàn mí jù ni pé ọṣẹ ń tomi nínú láílọ́ọ̀nù tí a fi wé e. Kò bàjẹ́. Gílísírìnì inú rẹ̀ ló ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ wé e dáadáa, ẹ gbé e síbi gbígbẹ, ẹ má sì mú un padà wá gbowó.