Búlọ́ọ̀kù Oníhò: Bí a ṣe lè ka Ilé-ìkàwé Kenneth Dike

Bí akẹ́kọ̀ọ́ láti Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo Yunifásítì Ìbàdàn, iwájú Ilé-ìkàwé Kenneth Dike ni yóò fẹ́ dúró sí ya fọ́tò. Ẹwà ilé náà kò fara sin. Ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe kíkà. Bí ewì ni ilé rí. Ẹni tí kò bá béèrè ìdí tí a fi tò ó báyìí kò tí ì gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé ará Ìlú Ọba, ni wọ́n yàwòrán rẹ̀ fún Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Dike, òpìtàn tí ó kọ́kọ́ ṣe gíwá níbẹ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà, ni a fi orúkọ rẹ̀ dá lọ́lá. Òǹkàwé ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, kò sì fẹ́ kí oòrùn pa òun. Ògiri ni wọ́n fi dáhùn: wọ́n fi kọnkéré oníhò bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn àjà òkè, oòrùn kò ráyè wọlé, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ kọjá.

Ní Àpápá, níbi tí àwọn ilé ńlá ti ní àgbàlá àti igi, ìwúlò èyí lè má tètè hàn. Bí a bá ré kọjá Bọ́ńdárì sí Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ, yàrá há mọ́ yàrá. Bí iná bá lọ lọ́sàn-án, ìdí àtẹ̀gùn tí a fi búlọ́ọ̀kù oníhò mọ ni ọmọdé ń gbé ìwé rẹ̀ lọ. Kò kọ́ ìmọ̀ ìyàwòrán-ilé rí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ ihò. Ohun tí ó fi sílẹ̀ nílé ni yóò bá ní Ìbàdàn, tí a sọ di ohun ọlá.

Ilé náà ní àbùkù tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń tu òǹkàwé lára ni ó ń gbé eruku ọyẹ́ wá bá ìwé, ọ̀rinrin òjò kò sì ṣe ọ̀rẹ́ tákàdá. Àríwísí yìí tọ́. Síbẹ̀, kò tó ìdí láti sáré lọ ṣe àwòkọ ilé-ìkàwé ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, tí a ṣí ní 2004, tí ó jẹ́ gíláàsì àti irin láti ìsàlẹ̀ dókè. Rem Koolhaas, aṣáájú àwọn tí ó yàwòrán rẹ̀, mọ ohun tí ó ń ṣe: níbi tí ojú ọjọ́ ti ń ṣú, ìmọ́lẹ̀ ni a ń wá. Bí a bá gbé gíláàsì náà wá sí Ajégúnlẹ̀, tí iná sì lọ ní agogo méjì ọ̀sán, inú rẹ̀ yóò di ààrò, ọmọ tí ó wá kàwé yóò sì padà sí ìdí àtẹ̀gùn ilé wọn.