Ta Ni Ó Sọ Akọni Lórúkọ? Láti Òpópónà Benson dé Òkè Làǹgbòdó

Orúkọ ènìyàn ni ọ̀pọ̀ òpópónà àárín ìlú Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, ń jẹ́. Stephen Allen Benson, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè náà láti 1856 sí 1864, ni wọ́n fi sọ Òpópónà Benson. Ashmun, Carey àti Randall náà ní òpópónà tiwọn ní tòsí ibẹ̀. James Monroe, ààrẹ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi sọ ìlú náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń rìn ní àdúgbò yìí ń rìn láàárín orúkọ àwọn tí àwọn kan kà sí akọni. Ìbéèrè tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè kọ́kọ́ béèrè nípa akọni wà lójú títì yẹn: ta ni ó pè é bẹ́ẹ̀?

Òpópónà Newport, ní àárín ìlú yìí kan náà, jẹ́ àpẹẹrẹ. Ìtàn tí àwọn àtìpó tí ó ti Amẹ́ríkà wá ń sọ ni pé ní 1822, Matilda Newport fi iná inú ìkòkò tábà rẹ̀ tan àgbá, ó sì lé àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ó wá kọlù wọ́n sẹ́yìn. Láti 1916 ni wọ́n ti ń fi ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ṣe ìrántí rẹ̀. Àwọn onítàn ti ṣe iyèméjì sí ìtàn náà, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ó burú jù níbẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní láti bá wọn yọ̀ sí ikú àwọn baba ńlá rẹ̀. Ní 1980, ọdún tí ìjọba àwọn ọmọ àtìpó wó, ni wọ́n fagi lé ọjọ́ náà. Akọni ẹnì kan lè jẹ́ ẹ̀rù ẹlòmíràn.

Kí ni ó wá mú kí akọni alágbára àràmàǹdà, irú èyí tí ìwé ìtàn aláwòrán àti sinimá kún fún, wu ọmọdé àti àgbà? Ìdáhùn kan wà nínú ìbí Superman. Ní 1938 ni Jerry Siegel àti Joe Shuster, ọ̀dọ́ méjì ọmọ Júù aṣíkiri ní ìlú Cleveland, gbé e jáde. Orúkọ méjì ni ó ń jẹ́. Clark Kent ni akọ̀ròyìn onítìjú tí ẹnikẹ́ni kò kà sí; Superman ni ẹni tí ń fò lójú ọ̀run. Abẹ́ aṣọ iṣẹ́ Clark ni aṣọ Superman wà. Ẹni tí a ń fojú di mọ ìtumọ̀ èyí láìsí olùkọ́. Ó gbà pé ẹlòmíràn kan wà nínú òun tí ayé kò tíì rí, àti pé bí òun bá rí orúkọ kejì jẹ́, ìyà òun yóò dópin. Ìfẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Òun náà ni ó mú kí àìmọye òǹkàwé fẹ́ràn Spider-Man láti 1962, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ kejì lè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nígbà ogun abẹ́lé Làìbéríà, tí ó jà láti 1989 sí 1997 àti láti 1999 sí 2003, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ajagun pa orúkọ ilé tì, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Rambo tàbí orúkọ mìíràn láti inú sinimá. Àwọn kan wọ irun àtọwọ́dá àti aṣọ ìyàwó lọ sójú ìjà, gẹ́gẹ́ bí Stephen Ellis ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ọdún 1999. Ó rọrùn láti sọ pé sinimá ni ó bà wọ́n jẹ́. Paul Richards, tí ó kọ̀wé ní 1996 lórí ogun Sierra Leone tí í ṣe alámùúlégbè, rí ohun tí ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú sinimá First Blood (1982), Rambo kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe olówó. Aláìnílé ni, tí ọlọ́pàá lé kúrò nínú ìlú, tí ó sì sá wọ igbó, níbi tí ọgbọ́n orí rẹ̀ ti gbà á là. Ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti dahoro, rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ Superman ń bo Clark kí ó lè ran ènìyàn lọ́wọ́, nígbà tí orúkọ ogun ń bo ajagun kí ẹni tí ó pànìyàn má baà jẹ́ ẹnikẹ́ni. Rambo ni ó yìnbọn. Ọmọ ìyá báyìí kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń jà ní ìhòòhò, orúkọ ogun rẹ̀ sì túmọ̀ sí Ọ̀gágun Oníhòòhò. Ní 2008, ó jẹ́wọ́ ìpànìyàn púpọ̀ níwájú Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà. Orúkọ ogun kò lè jẹ́jọ́. Joshua Milton Blahyi ni ó ní láti dáhùn.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn ni ó yẹ kí a ka ìtàn àròsọ Johnny chien méchant, tí Emmanuel Dongala, ọmọ Kóńgò, gbé jáde ní 2002. Johnny ń pààrọ̀ orúkọ bí ẹni ń pààrọ̀ ẹ̀wù: èyí tí ó kọ́kọ́ mú kò dẹ́rù bani tó lójú rẹ̀, títí ó fi di Ajá Dìgbòlugi. Laokolé, ọmọbìnrin tí òun àti Johnny jọ ń sọ ìtàn náà ní ìpín-ìpín, kò pààrọ̀ orúkọ. Inú bárò ni ó gbé ìyá rẹ̀ tí kò lè rìn sí, tí ó ń tì í lọ bí wọ́n ti ń sá fún ogun. Òǹkàwé kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un èwo ni akọni. Làìbéríà ni Jean-Stéphane Sauvaire ti ya sinimá tí ó gbé ka ìwé náà, Johnny Mad Dog (2008), àwọn ọmọ tí ó ti jagun rí sì wà lára àwọn òṣèré rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ọ̀dọ̀ Johnny àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ojú kámẹ́rà ń wà jù. Bí ohùn Laokolé ti dínkù, aṣọ àti ariwo àwọn ọmọ ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ tún di ohun àwòyanu, èyí tí sinimá náà fẹ́ bẹnu àtẹ́ lù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹlòmíràn ni í sọni lórúkọ; ẹlòmíràn náà ni í kini ní oríkì. Òótọ́ ni pé ọdẹ àti jagunjagun a máa yan orúkọ ìnagijẹ fún ara wọn, ṣùgbọ́n bí ará ìlú kò bá fi pè wọ́n, orúkọ náà kú nìyẹn. Ìrántí akọni kì í sì í ṣe ìyìn nìkan. Akọni tí kò lẹ́gbẹ́ ni Ògún, síbẹ̀ ìtàn rẹ̀ kò fi ọ̀ràn Ìrè pamọ́: ó wọ ìlú, ó bá agbè ẹmu tí ó ṣófo, inú bí i, ó sì fi idà pa àwọn ènìyàn tirẹ̀. Àwọn tí ń bọ ọ́ gan-an ni ó ń rán ara wọn létí pé agbára yìí lè dojú kọ ilé.

Ọdún 1938 tí Superman jáde náà ni D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Agbára Àkàrà-ògùn náà ju ti ènìyàn lásán lọ. Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni ó bá wọ igbó. Ìrìn sí Òkè Làǹgbòdó yàtọ̀: ọba ni ó rán an, Kàkò, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn akọni mìíràn sì bá a lọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ jábọ̀. Ìwé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìjábọ̀: Àkàrà-ògùn ń sọ ọ́, akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì pé jọ láti gbọ́.

Òṣùwọ̀n yìí wúlò ju àwọ̀ ara lọ. Powerman, akọni aláwọ̀ dúdú tí ìwé rẹ̀ jáde fún àwọn òǹkàwé Nàìjíríà ní 1975, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dave Gibbons àti Brian Bolland ni wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n ara dúdú nìkan kò sọ akọni di ọmọ ilé. Black Panther, tí Stan Lee àti Jack Kirby dá sílẹ̀ ní 1966, kò ti Áfíríkà wá bákan náà. Síbẹ̀, nínú sinimá ọdún 2018, T'Challa ní láti bọ́ agbára rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì dúró níwájú gbogbo ẹ̀yà, kí ẹni tí kò bá gbà á lọ́ba lè pè é níjà. Ó tún gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí baba rẹ̀ fi pamọ́, kò sì bò ó. Ibẹ̀ ni ó ti jọ akọni tiwa, kì í ṣe nínú aṣọ rẹ̀.

Nítorí náà, olùkọ́ èdè kò ní í jèrè bí ó bá kàn gba ìwé aláwòrán lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ oríkì akọni rẹ̀: ìlú wo ni ó ti wá, ọmọ ta ni, ta ni ó sọ ọ́ lórúkọ, ta ni ó ṣẹ̀, ta ni ó lè pè é kí ó dáhùn? Iṣẹ́ náà yóò kọ́ ọ ní oríkì, yóò sì jẹ́ kí ó rí ibi tí akọni rẹ̀ ti ṣófo. Ní Òpópónà Benson, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà ogun ti di ọ̀dọ́ báyìí. Àwọn náà yóò fẹ́ orúkọ kejì, nítorí pé ìyà àti ìfojúdi kò tíì tán. Kí wọ́n rí ẹni tí yóò sọ wọ́n ní orúkọ náà, tí yóò sì lè fi pè wọ́n padà wálé bí wọ́n bá ṣìnà.