Ìlù Tí Kò Sí Nílé: Àgbéyẹ̀wò African Suite ti Fẹlá Ṣówándé

Fẹlá Ṣówándé (1905–1987), ọmọ ìdílé Ẹ̀gbá, jẹ́ ọ̀gá nínú títẹ dùùrù kí ó tó gbé African Suite jáde ní 1944. Àwọn ohun èlò olókùn ló gbé iṣẹ́ náà ró. Kò sí ìlù kankan níbẹ̀. Ṣé ó kọ ìlù ilé sílẹ̀ ni? Rárá. Bí a bá tẹ́tí sí apá ìkẹyìn, ‘Akinla’, ọwọ́ ìlù háíláìfù ni okùn ń lù. Síbẹ̀, ìlù Yorùbá a máa fọhùn, a máa ki oríkì. Okùn ‘Akinla’ ń jó ni, kò fọhùn. Ààlà iṣẹ́ náà nìyí. Ó yẹ kí olùkọ́ fi dùndún àti ‘Akinla’ kọ́ni papọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fetí ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀.